Bí Ìyá Wọ́ọ̀dù Ṣe Wẹ Bámijókòó

Nínú ilé tí a gbé ní Agbowó lọ́dún 1985, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe gbogbo obìnrin ibẹ̀. Èmi ni Ìyá Sìkírá. Ìyá Mojí ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ìyàwó onílé bí ọmọ mẹ́jọ, orúkọ mẹ́jọ ni wọ́n sì ń jẹ́, wọ́n á dáhùn èyí tó bá wù wọ́n lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ní ọmọ tí a lè fi pè é. Ìyá Wọ́ọ̀dù ni à ń pe àwọn yẹn, nítorí pé ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fi fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ní ọsibítù kan nígboro kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láwùmí ni bàbá wọn sọ wọ́n ní Ìgbòho, ṣùgbọ́n ta ni yóò la ẹnu pe àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ní Láwùmí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí èmi náà jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Mùtíátù lorúkọ mi, ọmọ Ìsẹ́yìn. Aṣọ ni mò ń rán ní yàrá iwájú ilé náà. Ẹnu mi mú ju abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi lọ. Nígbà náà, mo máa ń fi yangàn pé èmi kì í fi ọ̀rọ̀ sínú, pé bí mo bá ti sọ ọ́ tán, ó tán nìyẹn. Àwọn àgbà sì ti ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Mo gbọ́ ọ láti kékeré. Mo rò pé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Ìyá Wọ́ọ̀dù, ilẹ̀ yàrá wọn ni kí ẹ wò. Sìmẹ́ǹtì lásán ni, kò sí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè da ìrẹsì sílẹ̀ kí ẹ sì jókòó jẹ ẹ́. Láàárọ̀ Sátidé gbogbo, wọ́n á gbé garawa méjì jáde. Omi ọṣẹ wà nínú ọ̀kan. Nínú èkejì ni oògùn ìfọlẹ̀ dúdú tí wọ́n ń lò ní ọsibítù wà, èyí tí wọ́n máa ń lọ rà ní Dùgbẹ̀. Bó bá ti kan omi báyìí, omi á funfun bíi wàrà, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdérí ìgò kan sí garawa kan, wọn kì í dín in, wọn kì í fi kún un. Bí wọ́n bá sì ti nu ilẹ̀ tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi lásán sí i. Wọ́n ní Sísítà òyìnbó tó kọ́ àwọn níṣẹ́ lọ́dún 1959 ló kìlọ̀ fún àwọn pé kí àwọn jẹ́ kí oògùn náà gbẹ mọ́ ibi tó bá wà, pé ibi tó ti ń gbẹ ló ti ń pa kòkòrò àrùn, pé ẹni tó bá ṣàn án nù ti fi iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣòfò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé máa ń fi òórùn náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ bóyá ilé làwọn wà tàbí wọ́n ti gbé àwọn wọ ọsibítù.

Lọ́jọ́ tí Ìyá Wọ́ọ̀dù fẹ̀yìn tì lọ́dún 1983, aago ògiri kan àti Bíbélì tuntun ni ọsibítù fún wọn. Ológbò ni wọ́n fúnra wọn gbé lé e. Ìyá ológbò kan ló bímọ sẹ́yìn ilé ìdáná wọ́ọ̀dù, Métírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, sì pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo wọn dànù. Ìyá Wọ́ọ̀dù fi mẹ́ta tọrẹ fún àwọn tí eku ń yọ lẹ́nu, wọ́n fi ẹ̀kẹrin sínú báàgì, wọ́n sì gbé e wọ ọkọ̀ wá sí Agbowó. Ó dúdú, àfi ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì tó funfun bíi ti ẹni tó ki ọwọ́ bọ ìyẹ̀fun.

Ológbò dúdú kẹ̀! Ariwo ta. Ìyá Mojí, tó jẹ́ Aládùúrà, tan àbẹ́là mẹ́ta sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ní tèmi, mi ò bẹ̀rù ológbò. Aáfà ilé kéwú wa ti kọ́ wa ní Ìsẹ́yìn pé ológbò kì í ṣe ohun ẹ̀gbin, pé bó bá tilẹ̀ mu nínú omi àlùwàlá ẹni, omi náà kò bàjẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Bámijókòó ni wọ́n sọ ọmọ ológbò náà. Ìyàwó onílé ní, “Ìyá Wọ́ọ̀dù, orúkọ àbíkú kọ́ nìyẹn? Ta ló ń fi í sọ ẹran?”

Wọ́n ń fọ abọ́ lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Mo bí mẹ́ta. Pásítọ̀ wa ní Ìgbòho sọ pé orúkọ àbíkú kò yẹ ọmọ Kristẹni, mo bá sọ wọ́n lórúkọ Bíbélì, gbogbo wọn. Ìkankan ò jókòó. Ẹ jẹ́ kí n dán èyí wò.”

Ìyàwó onílé bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣan abọ́. Àní èmi gan-an, pẹ̀lú irú ẹnu tí mo ní, padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n sọ nípa àwọn ọmọ náà fún mi kúnná, lọ́jọ́ kan tí mo ń wọn búláòsì fún wọn. Àkọ́kọ́ lo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Èkejì lo oṣù méjì. Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ obìnrin, ti ń jókòó, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn. Ọkọ wọn fẹ́ ẹlòmíràn, ó bá tirẹ̀ lọ sí Kàdúná. “Ìyá Sìkírá,” wọ́n ní, “kì í ṣe pé mi ò tọ́jú wọn o. Omi ìwẹ̀ wọn gan-an, mo máa ń kán oògùn wọ́ọ̀dù sí i, ẹ̀kán méjì péré, kí kòkòrò àrùn má baà rí wọn mú.” Mo ní, “Àmúwá Ọlọ́run ni, màmá.” Mo ń kọ ìbú èjìká wọn sílẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá lọ.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú Bámijókòó. Dókítà ẹran kan wà ní Bódìjà, Gbádérọ̀ Adégbìtẹ́ lorúkọ rẹ̀, ó ń gba àwọn ẹran aláìsàn sí yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ìyá Wọ́ọ̀dù á gbé ológbò sínú agbọ̀n, wọ́n á fi ìborí bò ó, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn láti Agbowó dé Bódìjà. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi níbẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn aràn. Dókítà ní kí wọ́n má fún un ní mílíìkì mọ́, pé mílíìkì ló ń da inú rẹ̀ rú, wọ́n sì jáwọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Gbogbo ọjọ́ abẹ́rẹ́ àti ọjọ́ oògùn ni wọ́n ń fi pẹ́ńsù kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹja sáwà ni wọ́n ń bọ̀ fún un, láìsí ata, láìsí iyọ̀, wọ́n á yọ eegun rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Àárọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ iyanrìn tó ń yàgbẹ́ sí. Wọ́n ra ìyarun tirẹ̀ lọ́tọ̀. Dókítà sọ fún wọn lójú mi pé, “Màmá, bí gbogbo àwọn tó ń gbé ajá wá síbí bá mọ ìtọ́jú tó yín, ebi ì bá ti lé mi kúrò nílùú.” Inú wọn dùn títí a fi délé.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Akínbíyìí ló kọ́kọ́ fi orúkọ ológbò náà pè wọ́n. Àwàdà ló fi ṣe. Ó ń lọ síbi ẹ̀rọ omi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Bámijókòó!” Gbogbo wa tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ yíjú sí wọn. A rò pé wọ́n máa bú u ni. Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ojú wọn tàn. Wọ́n ní, “Káàárọ̀, ọkọ mi. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé o sùn dáadáa?” Láti ọjọ́ náà, bí a bá pè wọ́n ní Ìyá Wọ́ọ̀dù, wọ́n á dáhùn. Bí a bá pè wọ́n ní Ìyá Bámijókòó, wọ́n á ti dáhùn kí a tó pè é tán.

Ọdún méjì ni wọ́n fi jẹ orúkọ yẹn.

Oṣù kẹfà ọdún 1985, ààwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ìgbéyàwó pọ̀, òjò náà sì pọ̀. Ìgbà òjò ni eégbọn máa ń wọ ara ẹran, ó sì wọ ara Bámijókòó. Ìyá Wọ́ọ̀dù rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Wọ́n fi ìyarun ya á, wọ́n ń fi èékánná pa wọ́n, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Dókítà. Dókítà ní páúdà eégbọn òun ti tán, òun máa rí òmíràn gbà lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Àmọ́ lọ́jọ́ Fúráìdè tó ṣáájú, Bámijókòó gba ojú fèrèsé wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì sùn sórí aṣọ ìyàwó. Léèsì funfun ni, láti Òkè Àdó ni wọ́n ti gbé e wá fún mi, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti fi wà lórí rẹ̀. Kí n tó rí i, ìyá ìyàwó ti wọlé. Ó gbé aṣọ náà sókè, irun dúdú ló kún inú rẹ̀, eégbọn kan sì fò láti ibẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó kígbe. Ó ká aṣọ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìparí, ó ní òun ò mọ̀ pé inú ààtàn ni òun gbé iṣẹ́ wá. Ó sọ ọ́ níwájú oníbàárà méjì.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò dúró kí inú mi rọ̀. Mo kígbe kí gbogbo ilé lè gbọ́.

“Ẹ wò ó, mi ò fẹ́ gbọ́ Bámijókòó, mi ò fẹ́ gbọ́ Bámidìde! Ẹ ní ẹ fọ wọ́ọ̀dù fún ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹ ò wá lè fọ ológbò kan ṣoṣo?”

Ìyá Wọ́ọ̀dù jáde síta, ológbò náà wà ní àyà wọn. Wọ́n ní, “Ìyá Sìkírá, dákun, má bínú. Mọ́ńdè ni Dókítà máa fún mi ní páúdà. Mọ́ńdè ò jìnnà mọ́.”

“Mọ́ńdè? Ọ̀la ni wolé-wolé ń bọ̀! Bí wọ́n bá dé tí ohun ẹlẹ́gbin yìí ṣì ń fò kiri, èmi gan-an ni màá nà án sí wọn. Wọ́n á gbé e lọ, ẹ ò sì ní rí i mọ́.”

Bí ẹ bá gbé ìlú yìí nígbà náà, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìjọba ológun ti ṣòfin pé ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé fọ àyíká rẹ̀ títí di aago mẹ́wàá. Wolé-wolé á máa wọ ojúlé dé ojúlé, ṣọ́jà á sì tẹ̀ lé wọn nígbà mìíràn. Ẹ̀rù wọn ń ba gbogbo ayálégbé.

Mo pè é ní ohun ẹlẹ́gbin. Èmi tí aáfà kọ́ pé kì í ṣe ẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ lónìí pé kì í ṣe ìyẹn ló dun Ìyá Wọ́ọ̀dù jù. Èyí tí mo sọ nípa wọ́ọ̀dù ni. Wọn ò ní ilé, wọn ò ní ọkọ, wọn ò ní ọmọ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ pé àwọn mọ̀ ọ́n ṣe, tí kò sí ẹni tó lè bá àwọn jiyàn lórí rẹ̀, ni mo fi bú wọn lójú gbogbo ilé.

Láàárọ̀ Sátidé, mò ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà níwájú ilé nígbà tí mo rí wọn. Wọ́n gbé garawa méjì jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n sì gbé bàsíà kan tẹ̀ lé e. Omi gbígbóná díẹ̀ ni wọ́n dà sínú bàsíà. Wọ́n ṣí ìgò oògùn ìfọlẹ̀. Wọ́n da ìdérí kan sí i, wọ́n dúró, wọ́n tún da èkejì. Mo rí i. Mo rò ó nínú mi pé, ó dáa bẹ́ẹ̀, kó mọ́ dáadáa.

Bámijókòó kò fẹ́ràn omi. Ó ń sunkún, ó fi èékánná ya ọwọ́ wọn. Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀: “Jókòó, ọmọ mi. Bá mi jókòó. Ó ti fẹ́ẹ̀ tán. Kí wọ́n má gbé ọ lọ ni mo ṣe ń ṣe é.” Wọ́n fi àkísà fọ̀ ọ́ láti orí dé ìrù, lábẹ́ etí, láàárín ọmọ ìka, bí wọ́n ṣe máa ń fọ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù. Láìpẹ́, eégbọn ti léfòó sójú omi, gbogbo wọn ti kú.

“Ìyá Sìkírá,” wọ́n pè mí. Ohùn wọn kò le rárá. “Wá wò ó. Kò ku ẹyọ kan.”

Mo lọ wò ó. Ìtìjú àná ti ń mú mi díẹ̀díẹ̀. Garawa omi mímọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n bá yín da èyí sí i lára, kí òórùn yẹn lè lọ.”

“Rárá o!” Wọ́n fi ara bo ológbò náà. “A kì í ṣàn án nù. Ibi tó bá ti ń gbẹ ló ti ń ṣiṣẹ́.”

Mo gbé garawa mi kúrò. Ta ni mo jẹ́ tí màá kọ́ wọn níṣẹ́ wọn?

Wolé-wolé dé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ilé ìwẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní kí n fi ìdérí sí ìkòkò omi mi. Nígbà tí wọ́n dé yàrá Ìyá Wọ́ọ̀dù, ọ̀gá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fi bàtà tẹ ilẹ̀ náà. Ó ní, “Ẹni tó ń gbé ibí mọ ohun tí à ń pè ní ìmọ́tótó. Ẹ̀yin yòókù, ẹ wá kọ́ ọ lọ́wọ́ màmá yìí.” Ó wá rí Bámijókòó lójú fèrèsé nínú oòrùn, tó ń fi ahọ́n lá èjìká rẹ̀, tó ń lá ìhà rẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ funfun méjèèjì sókè tó ń lá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wolé-wolé rẹ́rìn-ín. “Ológbò yín gan-an mọ́ ju àwọn ayálégbé kan lọ.”

Ìyá Wọ́ọ̀dù wò mí. Wọn ò fi ṣe ẹ̀sín. Wọ́n kàn fẹ́ kí n gbọ́ ni. Wọ́n ní, “Òun náà ló ń ràn mí lọ́wọ́, sà. Ẹ ò rí bó ṣe ń parí iṣẹ́ fún mi?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ni itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti ojú fèrèsé, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e. Ó ń gbọ̀n. Ìyá Mojí sáré gbé epo pupa wá, ó ní kí wọ́n dà á sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n Ìyá Wọ́ọ̀dù ní Dókítà ti kìlọ̀ fún àwọn pé kí àwọn má da nǹkan kan sí i lẹ́nu láìbéèrè. Ẹ rí i pé wọ́n ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Wọ́n gbé e sínú agbọ̀n. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo tẹ̀ lé wọn. Takisí kan dúró fún wa, dẹ́rẹ́bà rí ìrù dúdú tó yọ jáde lábẹ́ ìborí, ó yí jíà, ó lọ. A ò dúró de òmíràn. Obìnrin ọlọ́gọ́ta ọdún ló ń sáré yẹn, bàtà wọn já lójú ọ̀nà, wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Dókítà Gbádérọ̀ jáde ti òun ti síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó ṣí agbọ̀n. Kó tó fọwọ́ kan ológbò náà ló ti gbóòórùn rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀.

“Màmá, kí ni ẹ fi wẹ̀ ẹ́?”

Wọ́n sọ fún un. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀: irú oògùn tó jẹ́, iye ìdérí, pé àwọn jẹ́ kó gbẹ mọ́ ọn lára. Dókítà sáré mú ọṣẹ. Ó gbé ológbò náà sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ṣàn án, ó tún fọ̀ ọ́, ó tún ṣàn án. Ó gún un lábẹ́rẹ́ méjì. Inú ẹnu Bámijókòó ti bó, ahọ́n rẹ̀ pupa bí ẹni pé iná jó o. Nígbà tí Dókítà ti ṣe gbogbo èyí tó lè ṣe tán, ó fa àga wá sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá Wọ́ọ̀dù, ó rọra sọ̀rọ̀.

“Oògùn yìí kì í ṣe fún ológbò, màmá. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè pa oró rẹ̀. Wọ́n sì máa ń fi ahọ́n wẹ ara wọn. Gbogbo èyí tó gbẹ sí i lára ló ti lá mì.”

“Ẹ tún un sọ,” wọ́n ní.

Ó tún un sọ.

Orí itan wọn ni Bámijókòó kú sí, kí oòrùn tó wọ̀. Ó kàn dẹ́kun gbígbọ̀n ni. Wọn ò kígbe. Wọ́n fi ọwọ́ pa irun tó tutù náà rẹ́, wọ́n ń pa á rẹ́ títí, mo fẹ́ kí wọ́n kígbe. Èmi ni mo kọ́kọ́ sunkún.

Dókítà ti yíjú sí ara ògiri, ó ń fọ ọwọ́. Ìyá Wọ́ọ̀dù bi í léèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá lọ.

“Dókítà, ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Bí èèyàn bá kán ẹ̀kán méjì sómi ìwẹ̀ ọmọ ọwọ́?”

Ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀ lọ. “Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ kìlọ̀ fún un o, màmá. Kó jáwọ́ kíákíá.”

Ó wá yíjú padà, ó rí ojú wọn. Kò mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ti sọ nǹkan kan. Ó yára ní, “Ṣùgbọ́n ẹ̀kán méjì, nínú omi púpọ̀... ọmọ èèyàn kì í lá ara rẹ̀, màmá. Kò jọ èyí rárá. Kò lè jẹ́...” Ó wò mí. Èmi ni mo mọ ìdí rẹ̀, mi ò sì lè gbójú sókè.

“Ẹ ṣeun, Dókítà,” ni wọ́n sọ. “Ẹ ṣeun gan-an ni.”

Lójú ọ̀nà, mo sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ibà ló pa àwọn ọmọ ìgbà yẹn, mo ní èéyi ló pa wọ́n, mo ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo sọ̀rọ̀ láti Bódìjà dé Agbowó. Wọ́n rìn lẹ́sẹ̀ lásán, agbọ̀n náà wà lórí wọn. Akínbíyìí ló gbẹ́ ilẹ̀ fún wa sídìí igi ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n tú agbọ̀n náà fúnra wọn, wọ́n sì fi ìborí wọn wé e kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sínú ilẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé oúnjẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn, nígbà tí mo padà lọ, mo bá a bí mo ṣe gbé e sí. Ìgò oògùn ìfọlẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó ti ṣófo. Wọ́n ti dà á nù sí ṣáláńgá. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n tún fi gbé ilé náà kí wọ́n tó kó padà sí Ìgbòho, garawa méjì náà kò sì jáde mọ́ ní Sátidé kankan. Èmi ni mo máa ń gbá yàrá yẹn, tí mo máa ń fi omi lásán nù ún. Eruku ṣì ń hàn.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo fẹ́ sọ. Mo jókòó ti ẹ̀rọ mi ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, mi ò rán nǹkan kan. Ìyá Wọ́ọ̀dù wọlé láti ìta. Ẹrẹ̀ Bódìjà ti bo ẹsẹ̀ wọn dé kókósẹ̀. Wọ́n na ìwé kan tí wọ́n dì sí mi.

“Páúdà eégbọn nìyí,” wọ́n ní. “Bù ú sábẹ́ tábìlì rẹ, àti ojú fèrèsé yẹn, ibi tó máa ń gbà wọlé. Kí òmíràn má baà ba aṣọ oníbàárà rẹ jẹ́. Má jẹ́ kí Sìkírá fọwọ́ kàn án. Tí o bá ti bù ú tán, fọ ọwọ́ rẹ. Fi omi púpọ̀ ṣàn án nù. Ṣé o gbọ́? Ṣàn án nù dáadáa.”

Wọ́n yíjú sí ojú fèrèsé náà.

“Mo ṣáà ti sọ fún ọ pé Mọ́ńdè ni.”

Mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ dúpẹ́, mo fẹ́ tọrọ àforíjì, mo ní, “Ẹ ṣeun, Ìyá...” Ìyá ta ni? A kì í fi orúkọ ọmọ tó kú pe ìyá rẹ̀. Ìyá Wọ́ọ̀dù ńkọ́? Ìyẹn tún wá burú jù. Èmi Mùtíátù, tí ẹnu mi kì í wá ọ̀rọ̀ tì, mo ń wá orúkọ kan ṣoṣo, mi ò rí i.

Wọ́n dúró dè mí. Wọ́n dúró títí wọ́n fi rí i pé kò sí ibi tí mo lè bá gbà.

“Láwùmí ni,” wọ́n ní. “Láwùmí náà ni kí o máa pè mí.”

Wọ́n padà sí yàrá wọn. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn, mo sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, páúdà náà lọ́wọ́ mi.